Ohun Tí Bùkárì Rí Lẹ́yìn Àpótí Amẹ́ríkà

Bùkárì kò kọ́ iṣẹ́ rédíò ní ilé ìwé kankan. Ọdún mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìlọrin. Nígbà tó gba fírídọ́ọ̀mù tán, ó padà sí Òmù-Àrán, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí ojú ọ̀nà tó lọ sí Rórè. Rédíò tó bá ti dákẹ́, bó ti wù kó pẹ́ tó, Bùkárì á mú un sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ náà ní etí lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe rédíò ló sọ ọ́ di ẹni tí ará Agbamu àti ará Èsìẹ́ mọ̀. Àpótí kan ni.

Ní ọdún 1972, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sámúẹ́lì, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ ẹgbẹ́ olórin tí Olúṣẹ̀yẹ dá sílẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ ló ń kọrin, Sámúẹ́lì ló ń ta gìtá béèsì. Àlòkù ni gìtá náà, ọwọ́ sójà kan tó ti ogun dé ni wọ́n ti rà á. Okùn mẹ́rin tó nípọn ló wà lára rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa. Àmọ́ gìtá béèsì tí kò ní ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Wọ́n so ó mọ́ rédíò ńlá tó wà ní ilé Olúṣẹ̀yẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni sípíkà rédíò náà ya.

Bùkárì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbé e wá bá a. Ó ní, “Sípíkà tó ń gbé ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn, ẹ fẹ́ kó gbé béèsì? Ẹ gbé ẹrù akẹ́rù lé ọmọ ọwọ́ lórí. Ẹ lọ fi mí sílẹ̀ fún oṣù méjì.”

Oṣù mẹ́ta ló lò. Ó wá ẹ̀rọ giramafóònù ńlá kan tó ti bàjẹ́ lọ sí Agbamu, nílé ẹni tó ń ra kòkó, ó yọ tiransifọ́mà àti àwọn fáàfù inú rẹ̀, àwọn ìgò kéékèèké tó ń tàn bíi gílóòbù. Ó rí sípíkà gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan yọ lára ọkọ̀ sinimá kan tó ti kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ra pákó igi apá, ó ní igi fúyẹ́fúyẹ́ á máa gbọ̀n, á sì máa jí ohùn béèsì jẹ. Kò lo ìṣó rárá. Sukúrúù ló lò, nítorí ó ní béèsì á máa mi ìṣó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ. Nígbà tó kan àpótí náà tán, ó fi tọ́ọ̀ṣì títàn sínú rẹ̀, ó dé e, ó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ jáde. Ibikíbi tó bá ti rí ìmọ́lẹ̀, ó fi gúlúù tó pò mọ́ ìyẹ̀fun igi dí i. Lẹ́yìn náà ló kó òwú igi àràbà sínú rẹ̀ kí ohùn má baà máa dún bí agolo.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, Sámúẹ́lì fi àtàǹpàkò kan okùn tó nípọn jù, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà sì mì tìtì. Ìyàwó Bùkárì, Asisat, sáré jáde láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Fulera, kí ló wó?”

“Kò sóhun tó wó,” ni Bùkárì wí. “Ohun kan dìde ni.”

Láti ọjọ́ náà, ibi tí ẹgbẹ́ náà bá lọ, Bùkárì lọ. Yóò gbé àpótí-ìjókòó kékeré tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ńlá náà, yóò gbé ọwọ́ kan lé e lórí láti mọ bó ṣe ń gbóná sí. Òun ló kọ́ Sámúẹ́lì láti máa se okùn gìtá tó bá ti kú nínú omi ọṣẹ kí ohùn rẹ̀ lè là padà. Òun ló fi mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà inú ẹ̀rọ tẹlifóònù ṣe ohun tó ń gbóhùn lábẹ́ okùn nígbà tí ti gìtá fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Ní Rórè, bàbá afọ́jú kan ní kí wọ́n mú òun dé ìdí àpótí náà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì sọ pé, “Ohun tó wà nínú eléyìí mọ orúkọ mi.” Bùkárì sọ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ẹni tó bá ya ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún odindi ọdún kan.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ti ń jókòó níbẹ̀, ó ń fi ìka ta gbogbo orin náà lórí eékún ara rẹ̀. Ó mọ gbogbo wọn. Nígbà míì, tí àwọn ènìyàn bá ń yin Sámúẹ́lì, a máa ṣe é bíi kó sọ pé, “Ta ló fún un ní ohùn?” Yóò gbé e mì. Àpótí ṣì jẹ́ tirẹ̀, ìyẹn sì tó.

Ní ọdún 1977, owó epo ti dé ìlú. Àwọn ọmọ Òmù-Àrán tó wà l'Ékòó ń fi mọ́tò tuntun wálé, àwọn tó lọ ka ìwé lókè òkun náà sì ń padà dé. Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ́lì, Ọlábọ̀dé, tó ti lo ọdún mẹ́fà ní Amẹ́ríkà níbi tó ti lọ kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀pẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ọjọ́bọ̀ ló gun mọ́tò tuntun wọ ìlú. Ó kó ẹ̀bùn fún gbogbo ará ilé, èyí tó sì kó fún Sámúẹ́lì ni ampilifáyà béèsì.

Gbogbo àgbàlá ló kún nígbà tí wọ́n tú u. Awọ dúdú ló bò ó, aṣọ tó ń dán bíi fàdákà ló wà níwájú rẹ̀, bọ́tìnì sì tò sí i lórí bí eyín. Ó ní táyà lẹ́sẹ̀. Ọlábọ̀dé fi ìka kan ṣoṣo tì í, ó sì yí lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé àpótí Bùkárì, wọ́n á sì máa kérora.

Olúṣẹ̀yẹ pàtẹ́wọ́. Ó yíjú sí Bùkárì tó dúró lẹ́bàá ògiri. “Bùkárì, àpótí rẹ ti darúgbó o! Ẹ jẹ́ kí bàbá lọ sinmi.”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bùkárì náà rẹ́rìn-ín.

Ọlábọ̀dé gbá a léjìká pẹ̀lú ìfẹ́. Ó ní, “Wọ́n ti sọ ohun tí o ṣe fún mi. O gbìyànjú gan-an ni o. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ti fi wá sílẹ̀ jìnnà.”

“Òótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá,” ni Bùkárì dáhùn. “Ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ìnáwó.”

Ó wá wo Sámúẹ́lì, bóyá yóò sọ nǹkan kan. Ó kéré tán, kó ní, “Ọdún márùn-ún ni àpótí yìí fi gbé wa.” Ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín, ó ń ra ọwọ́ lórí awọ dúdú náà bí ẹni ń ra ọmọ tuntun lórí. Bùkárì sọ fún wọn pé òun fẹ́ lọ kírun. Àsìkò ìrun kò ì tíì tó.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Sámúẹ́lì ti nǹkan náà dé ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọn yóò lọ ṣeré ní Èsìẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ìlú náà tó wà l'Ékòó ti fẹ́ fi ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú lélẹ̀.

“Bá mi wò ó,” ni Sámúẹ́lì wí. “Iná kò sí nílùú láti ọjọ́ Ajé, a ò rí i tàn wò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ tó mi. Bí o bá ti ní ó dára, ó dára nìyẹn.”

“Ṣé tuntun ni?”

“Bọ̀ọ̀dá ní ọwọ́ olórin kan ni òun ti rà á, ṣùgbọ́n ẹni náà kò lò ó púpọ̀.”

Bùkárì yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ó wo àwọn fáàfù, wọ́n mọ́ ju èyíkéyìí tó ti fọwọ́ kàn rí lọ. Ó wo wáyà, kò sí ibi tó bó. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí súìṣì kékeré kan nísàlẹ̀, kò ju èékánná lọ. Nọ́ńbà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 110 ní apá kan, 240 ní apá kejì. Apá 110 ni súìṣì náà dà sí.

Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Iná Amẹ́ríkà kò tó ìdajì tiwa. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi sí 110, tí ènìyàn wá fi iná tiwa kàn án, jíjó ni yóò jó. Ohun tí wọ́n sì ní láti ṣe kò ju kí wọ́n fi ẹnu sukudíráfà ti súìṣì náà sí apá kejì. Kò tó ohun tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú. Ó tilẹ̀ ti na ọwọ́ sí sukudíráfà náà lórí tábìlì.

Sámúẹ́lì fara ti àpótí igi apá tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù. Ó nà, ó yán. “O ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ti ń dùn mí láti ọdún tó kọjá? Igi yìí ni. Mo ti sọ fún ìyá mi pé ká tú ẹ̀yìn rẹ̀ kó máa da àgbàdo sí i. Eku kò lè wọ ibẹ̀, o kúkú kàn án dáadáa.”

Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sí ìkà níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan gbóná láti ikùn Bùkárì títí dé ọ̀fun rẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin iná mì. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

“Ó dára,” ni ó wí. “Kò sóhun tó ṣe é.”

“O ti wò ó tán?”

“Mo ti wò ó tán.”

Ìlara kì í wá bí olè. Bí agbẹjọ́rò ló ṣe ń wá. Láti ìgbà tí Sámúẹ́lì ti lọ ni ọkàn Bùkárì ti ń bá a rojọ́. Ó ní, kò kúkú ní pa ẹnikẹ́ni. Fíúùsì wà nínú rẹ̀. Bí iná bá ti pọ̀ jù, fíúùsì á já, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ojú á tì wọ́n fún ìṣẹ́jú mélòó kan níwájú àwọn ará Èkó. Wọ́n á wá pe Bùkárì. Bùkárì á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á fi ẹnu sukudíráfà ti nǹkan kékeré kan, á pààrọ̀ fíúùsì, gbogbo wọn á sì mọ̀ pé orí ló ń ṣe iṣẹ́, kì í ṣe awọ dúdú. Ìyẹn náà ni. Asisat gbé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ síwájú rẹ̀, kò jẹ ju òkèlè méjì lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí mọ́tò tó gbéra, Bùkárì bẹ àwọn alágbàṣe méjì, wọ́n bá a gbé àpótí igi apá sínú rẹ̀.

“Kí lo ń gbé bàbá arúgbó lọ fún?” ni Olúṣẹ̀yẹ bi í.

“Bóyá ẹnìkan á fẹ́ jókòó lé e,” ni ó fèsì.

Èsìẹ́ kún lọ́jọ́ náà. Mọ́tò tò láti ojú títì dé ẹ̀yìn ilé ìwé. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ohùn rẹ̀ ń lọ gbirigbiri. Bùkárì jókòó sí òdìkejì lábẹ́ dóńgóyárò. Ó ń wo Sámúẹ́lì tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un, tó ń so wáyà pọ̀. Ó wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ó lè dìde. Ó lè ní, “Sámúẹ́lì, dúró ná, mo gbàgbé nǹkan kan.” Kò dìde.

Sámúẹ́lì tàn án. Iná pupa kékeré iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mọ́lẹ̀ jù. Ó fi àtàǹpàkò kan okùn.

Ohùn tó jáde, Bùkárì kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó nípọn, ó mọ́, kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́. Láàárín ohùn kan ṣoṣo náà, Bùkárì mọ̀ pé òun kò ní lè ṣe irú rẹ̀ láéláé, inú rẹ̀ sì korò débi pé ó fẹ́ kí nǹkan náà jó ní tòótọ́.

Ó jó. Fíúùsì kò já. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba ibẹ̀, èéfín sì yọ. Bùkárì dìde nígbà náà. Ó ń pariwo pé, “Pa jẹnẹrétọ̀! Pa á!” ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn àpótí láti fa wáyà yọ. Nǹkan kan bú gbàmù nínú rẹ̀. Ohun dúdú kan tó ń hó bí ọ̀dà tú jáde, ó dà sí i lọ́wọ́.

Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, Bùkárì kò gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú.

Wọ́n da omi sí i lọ́wọ́, Ọlábọ̀dé sì gbé e sínú mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn. Àwọn ará ìlú dúró, àwọn àlejò ń wo ara wọn. Olúṣẹ̀yẹ tọ Bùkárì wá, òógùn bò ó lójú. “Jọ̀ọ́, bá wa tan àpótí rẹ. Mo sì ti rí ìka rẹ lórí eékún rẹ, mo mọ̀ pé o mọ orin wa. Ṣé o lè ta á?”

Bùkárì gbé gìtá náà kọ́ ọrùn. Òógùn Sámúẹ́lì ṣì wà lára okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́, ó tutù sí i lọ́rùn. Ó ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ìka kan. Àwọn ènìyàn yìn ín, wọ́n ní, “Bùkárì, a ò mọ̀ pé báyìí ni o mọ̀ ọ́n tó!” Ohun tó ti ń wù ú láti ọdún márùn-ún nìyẹn. Nígbà tí wọ́n parí, ó lọ sẹ́yìn ilé ìwé, ó bì.

Ọwọ́ Sámúẹ́lì jinná lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò kò nà mọ́. Ó lè di ṣọ́ọ̀kì mú, kò lè ta béèsì. Nígbà tí wọ́n bi Bùkárì léèrè ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà, ó ní, “Iná ló pọ̀ jù fún un.” Òótọ́ ni, irọ́ sì ni.

Ẹni tí ẹ̀bi náà wá bọ́ sí lọ́rùn ni Ọlábọ̀dé. Ìyá wọn ní ó kó ikú láti òkè òkun wálé. Sámúẹ́lì fúnra rẹ̀, nínú ìrora, sọ fún un níwájú ẹbí pé, “Ẹ gun mọ́tò tuntun wálé, ẹ ra ẹrù ààtàn fún àbúrò yín.” Ọlábọ̀dé di ẹrù rẹ̀. Ó lọ wá iṣẹ́ sí Èkó ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ìyá méjì náà kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Bùkárì di ẹni tó ń ta béèsì. Ọdún lọ, ọdún bọ̀. Ibi tí ẹgbẹ́ bá ti ṣeré nítòsí, Sámúẹ́lì á wá. Á jókòó sí iwájú, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sínú àpò, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ìka Bùkárì. Bùkárì mọ ojú náà dáadáa. Ojú òun fúnra rẹ̀ ni, láti ìgbà tó ń jókòó ti àpótí.

“Bàbá Fulera,” ni Asisat wí lọ́jọ́ kan, “mo ti ṣàkíyèsí pé ẹ kì í jẹun lọ́jọ́ tí ẹ bá ti ta gìtá.”

“Ó rẹ̀ mí ni.”

“Ẹni tó bá rẹ̀ a máa jẹun,” ni obìnrin náà dáhùn, ó sì gbé àwo náà wọlé.

Nígbà tó di 1984, nǹkan ti yí padà. Àwọn sójà ti gbàjọba, wọ́n ti ti ojúbodè, ọjà òkèèrè ti wọ́n bí ojú. Ọṣẹ tí a ó fi wẹ̀ kò rọrùn láti rí, áḿbọ̀sìbọ́sí okùn gìtá. Ẹgbẹ́ Olúṣẹ̀yẹ ti tú ká. Ampilifáyà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Sámúẹ́lì kú, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn rà. Ìgbà náà ni Sámúẹ́lì rántí àpótí dúdú tó ti wà lábẹ́ àká láti ọdún méje. Ó tì í wá. Ọ̀kan nínú àwọn táyà rẹ̀ ti yọ.

“Wò ó bóyá ó ṣeé tún ṣe,” ni ó wí. “Fún àwọn akọrin ni. Èmi ò ní lò ó.”

Oṣù kan gbáko ni Bùkárì fi ṣe é, bí ẹni ń san ẹ̀jẹ́. Ó tú tiransifọ́mà rẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tí wáyà yí, ó ń kọ ọ́ sára ògiri. Ó yọ wáyà bàbà lára ẹ̀rọ tó ń fa omi kan tó ti bàjẹ́, ó fi àgbá ẹsẹ̀ máṣíìnì Asisat yí i padà, ìpele kọ̀ọ̀kan ló fi bébà tó fi àbẹ́là pa là á láàárín. Ibẹ̀ ló ti rí fíúùsì náà. Ẹnìkan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e, kó má baà máa já. Ìdí tí kò fi já ní Èsìẹ́ nìyẹn. Bùkárì di nǹkan kékeré náà mú sí àtẹ́lẹwọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọlọ́run ti fún un ní ẹni tó lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Nígbà tí Sámúẹ́lì wá gbé e, iná wà. Bùkárì tàn án, ohùn tó jáde mọ́ gaara. Sámúẹ́lì gbé ojú sókè.

“Kí ló tiẹ̀ ṣe é nígbà náà?”

Bùkárì nawọ́ fíúùsì sí i. “Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló fi bébà sìgá wé e. Kò jẹ́ kó já.”

Sámúẹ́lì mí kanlẹ̀. “Ẹ̀bi ẹ̀gbọ́n mi kọ́ nígbà náà.”

“Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì fẹ́ wo fíúùsì náà dáadáa, ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún gbé e, àwọn ìka méjì tí kò nà kò lè dì í mú, ó jábọ́. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jábọ́. Ó wá fi ọwọ́ òsì ṣà á nílẹ̀.

“Sámúẹ́lì, jókòó,” ni Bùkárì wí. “Mo rí i.”

“O rí kí ni?”

“Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tí o gbé e wá. Súìṣì kékeré yìí, wò ó. Iná Amẹ́ríkà ló wà. Mo rí i pé yóò jó. Mo na ọwọ́ sí sukudíráfà, mo sì ká a kò. Wàlláhì, mo rò pé fíúùsì á já, pé ojú lásán ni yóò tì yín. Ṣùgbọ́n mo rí i, mo sì sọ fún ọ pé ó dára.”

Sámúẹ́lì tẹ̀ síwájú. Ó wo súìṣì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

“Kí ni mo ṣe fún ọ?”

“O rẹ́rìn-ín. O ní ẹ ó da àgbàdo sínú àpótí mi.”

“Nítorí àgbàdo?”

“Nítorí pé ìwọ ló ń ta á, èmi ló ń jókòó. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Àgbàdo kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un ni.”

Sámúẹ́lì dìde. Bùkárì retí kó gbá òun létí, ó tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Sámúẹ́lì sọ ni pé, “Ọdún méje ni mi ò fi bá ọmọ ìyá mi sọ̀rọ̀. Lọ sọ fún un. Kì í ṣe èmi ni yóò bá ọ sọ ọ́.” Ó ti àpótí dúdú náà jáde, táyà tó kù ń ké rara lójú títì.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Ọlábọ̀dé l'Ékòó, ó sì ti ń dáko lórí ilẹ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Òwu-Ìsin. Bùkárì bá a níbi tó ti ń kọ ebè. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ọlábọ̀dé ń kọ ebè lọ títí ó fi dé òpin pooro náà. Ó padà wá, ó fi ọkọ́ gúnlẹ̀.

“Mo kọ́ ìwé ọdún mẹ́fà,” ni ó wí, “mi ò mọ̀ pé iná ju iná lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń rò pé ìwà ahun ló jẹ́ kí n ra àlòkù fún àbúrò mi.” Ó nu ojú. “Dìde, Bùkárì. Mi ò ní ṣépè fún ọ. Ṣùgbọ́n má jókòó tì mí lónìí.”

Ní ọ̀sẹ̀ náà, àwọn ènìyàn rí Ọlábọ̀dé tó ń gun kẹ̀kẹ́ wọ Òmù-Àrán, àpò iṣu méjì lẹ́yìn rẹ̀, tó yà sí ilé Sámúẹ́lì. Ìyá wọn sunkún débi pé àwọn aládùúgbò rò pé ẹnìkan kú.

Sámúẹ́lì kò ya ṣọ́ọ̀bù Bùkárì fún ohun tó lé lọ́dún kan. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, á kí i bí a ti ń kí ẹni tí a kò mọ̀ rí. Nígbà tó yá, ìròyìn kàn pé ó ti tún ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé àtàǹpàkò àti ìka kékeré ló fi ń ta á, díẹ̀díẹ̀, orin tó bá falẹ̀ nìkan. Bùkárì kò gbà á gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí àwọn akọrin ń múra sílẹ̀, ó rìn lọ síbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé.

Òótọ́ ni. Sámúẹ́lì ń ta ìwọ̀nba díẹ̀, ó ń fi àlàfo sílẹ̀ níbi tó ti máa ń dí tẹ́lẹ̀, àlàfo náà sì dùn ju ohùn lọ. Bùkárì tó ní ìka márààrún kò lè ta bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹyin iná náà sì tún gbóná nínú rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé kò tíì kú. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí orin náà fi parí.

Lẹ́yìn náà ló gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Gbogbo wọn yíjú.

“Ohùn rẹ̀ ń kún jù nísàlẹ̀,” ni ó wí. “Ilẹ̀ símẹ́ǹtì lẹ gbé e lé, igun ògiri lẹ sì tì í mọ́. Ẹ gbé e kúrò ní igun, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé e sókè. Ohùn á là.”

Sámúẹ́lì wò ó. Ó ní kí ẹnìkan wá búlọ́ọ̀kù. Wọ́n gbé àpótí náà lé e, ó fi àtàǹpàkò kan okùn, ohùn náà sì là.

Kò dúpẹ́. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní kí àwọn akọrin tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Bùkárì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn, ó ń gbọ́.